Ta Ni Ìwé-Ẹ̀rí Olùkọ́ Ń Jẹ́rìí Fún?

Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba owó lọ́wọ́ yín láti kọ́ ọmọ yín ní ohun tí ó lè gba ẹ̀mí ọmọ náà, ẹ̀rí wo ni ẹ ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi bá mi yẹ̀ wò lóṣù yìí. N kò ní í gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tàbí awakọ̀, nítorí a ti sọ̀rọ̀ lórí ìwọ̀nyẹn títí ẹnu fi fẹ́ẹ̀ bó. Ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì fojú rí ni mo ń gbé e lọ: àwọn tí ń kọ́ ènìyàn bí a ti í yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí òjò-dídì bò, eré tí àwọn òyìnbó ń pè ní síkì.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín báyìí pé, "Kí ló kan ọmọ Yorùbá kan òjò-dídì?" Ó kàn wá o. Àwọn ọmọ wa tí ń dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ìwé wọn a máa kó wọn lọ sí irú òkè bẹ́ẹ̀. Ní 1973, àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà láti ẹgbẹ́ síkì mẹ́tàlá péjọ sí Aspen ní ìpínlẹ̀ Colorado, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì rò pé eré náà kì í ṣe tiwọn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ National Brotherhood of Skiers ti ṣẹ̀ wá. Ní 2022, Samuel Ikpefan, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gun síkì fún Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì ti Beijing. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ wa kò bá tilẹ̀ ní í tẹ òjò-dídì láéláé, ìbéèrè náà ṣì jẹ́ tiwa, torí kò sí ìlú tí wọn kì í ti í fi ẹ̀mí ọmọ lé àjèjì lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Síkì ni pẹlẹbẹ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ọ̀kan fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí a ń dè mọ́ bàtà líle. Òjò-dídì ń yọ̀, síkì náà sì dán. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá gùn ún lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, kò dìgbà tí ẹnikẹ́ni bá tì í kí ó tó máa lọ. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ń kọ́ ọmọ kì í ṣe eré sísá, dídúró ni. Yóò ní kí ó mú orí síkì méjèèjì súnmọ́ ara wọn níwájú, kí ó sì ti ìdí wọn síta lẹ́yìn, kí etí wọn ti inú lè máa họ òjò-dídì. Báyìí ni eré yóò ṣe máa dínkù títí yóò fi kú. Ẹ lè rò pé nǹkan kékeré nìyẹn. Ọmọ ọdún márùn-ún tí òtútù mú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí ń sunkún pé òun fẹ́ lọ bá ìyá òun, ẹ lọ kọ́ ọ ní nǹkan kékeré náà kí ẹ wá ròyìn.

Lẹ́yìn èyí ni yíyà sọ́tùn-ún àti sósì, àti bí a ti í ṣubú láì ṣẹ́ egungun, àti bí a ti í dìde. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n fi àwọ̀ sàmì sí ojú ọ̀nà: àwọ̀ ewé fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, búlúù tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà pupa, dúdú sì ni ti àwọn tí eré náà ti mọ́ lára. Olùkọ́ tí ó bá mú ọmọ ojú ọ̀nà àwọ̀ ewé lọ sójú ọ̀nà dúdú, ikú ló fi ń ṣeré. Bí wọ́n bá sì kúrò lójú ọ̀nà tí a sàmì sí, ọ̀rọ̀ tún di òmíràn. Òjò-dídì tí ó ti rọ̀ léra ní ìpele ìpele lè já lójijì, kí ó ya lulẹ̀ láti orí òkè, kí ó sì bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá rì sábẹ́ rẹ̀, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ ni ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù. Lẹ́yìn ìyẹn, kíákíá ni ìrètí náà ń dínkù. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń lọ síbẹ̀ fi ń so ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àmì ránṣẹ́ mọ́ àyà, tí wọ́n sì ń gbé ṣọ́bìrì àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún òjò-dídì wá ènìyàn. Kò sí àyè láti máa dúró de ẹlòmíràn. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ gan-an ni yóò yọ ọ́.

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ yìí kò ní ìwé-ẹ̀rí kankan. Hannes Schneider, ọmọ ilẹ̀ Austria tí a bí ní 1890, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a lè pè ní bàbá iṣẹ́ náà. Ní St. Anton, ní agbègbè Arlberg, ni ó ti to ẹ̀kọ́ síkì ní ìpele ìpele, tí ó pín akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì, kí ẹni tí kò tíì mọ ti ìsàlẹ̀ má baà gun ti òkè. Ta ni ìbá dán an wò? Òun fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí àwọn Násì gba Austria ní 1938, wọ́n mú un, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní 1939 ó dé North Conway ní Amẹ́ríkà, ó sì tún ń darí ilé-ẹ̀kọ́ síkì níbẹ̀. Wọ́n lè gba ilé, wọ́n lè gba ipò, ṣùgbọ́n inú orúnkún rẹ̀ ni ìmọ̀ náà wà.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún mi pé ìwé ni ó ń bí ìmọ̀, màá ní irọ́ ni. Ìmọ̀ ni ó bí ìwé. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí máa jó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ la ọ̀nà kò rí ẹni tí yóò bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa tí a ń tọ ọ̀nà náà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní àwáwí yẹn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí kò ní ìwé ni Schneider.

Kí tilẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí gan-an? Orúkọ tí a fún un ní èdè wa ti sọ ọ́: ìwé tí ń jẹ́rìí. Nínú abúlé orí òkè láyé ọjọ́un, kò sí ẹni tí ó nílò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ni ó mọ ọmọ ẹni tí olùkọ́ jẹ́. Wọ́n mọ̀ bí ó bá ń mutí, wọ́n mọ̀ bí ó bá ń wàǹwára. Nígbà tí rélùwéè àti ọkọ̀ òfuurufú wá ń kó àlejò dé, àlejò náà kò mọ ẹnikẹ́ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ó ní. Kò lè jókòó ti olùkọ́ fún ọdún mẹ́ta kí ó tó fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Ìwé-ẹ̀rí wá ń sọ fún un pé, "Àwa tí a mọ iṣẹ́ yìí ti wo ẹni yìí dáadáa, a sì jẹ́rìí sí i." Ẹ̀rí tí a jẹ́ fún àlejò ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí a óò tún padà sórí rẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà di olùkọ́ síkì ti gùn. Ẹgbẹ́ olùkọ́ ti ilẹ̀ Bìrìtìkó, tí a ń pè ní BASI, pín tirẹ̀ sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìn-ín-ní jẹ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ márùn-ún, pẹ̀lú wákàtí tí ẹni náà yóò fi dúró ti olùkọ́ àgbà kí ó máa wo ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ nípa ìtọ́jú ẹni tí ó farapa, àti àyẹ̀wò bóyá ó ti ṣẹ̀ sí òfin rí, nítorí àwọn ọmọdé. Ẹni tí ó dé ibẹ̀ kò tíì lè kó ènìyàn lọ sórí òkè ńlá. Inú gbọ̀ngàn àti orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àtọwọ́dá ni wọ́n ti fún un láyè. Bí ó bá dé ìpele kejì ni yóò tó máa kọ́ni lójú ọ̀nà tí a sàmì sí lórí òkè. Báyìí ni yóò ṣe máa gùn ún títí dé ìkẹrin, níbi tí wọ́n ti ń bèèrè pé kí ó gbọ́ èdè kejì, kí ó mọ ìgbà tí òjò-dídì lè ya lulẹ̀, kí ó sì yege nínú ìdánwò eré sísá kan tí màá sọ nípa rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Ní ilẹ̀ Faransé, òfin ìjọba wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá gba owó kọ́ni ní síkì láìní ìwé tí òfin gbà lè lọ sẹ́wọ̀n ọdún kan, kí ó sì san owó ìtanràn 15,000 yúrò. Òfin náà kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Ní 2014, ní ìlú Megève, ọlọ́pàá kó àwọn olùkọ́ síkì kan tí wọ́n jẹ́ ará Bìrìtìkó, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé-ẹjọ́. Ìjà náà kì í ṣe lórí bóyá wọ́n lè dúró lórí síkì. Ohun tí Faransé ń sọ ni pé ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wọn kò tó ohun tí àwọn ń bèèrè.

Kí wá ni wọ́n ń bèèrè? Lára rẹ̀ ni ìdánwò tí a ń pè ní Eurotest. Wọn a ri ọ̀pá mọ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ẹni tí ń ṣe ìdánwò yóò sì máa sáré yà gba àárín wọn. Ẹnì kan tí a ti mọ bí eré rẹ̀ ti tó yóò kọ́kọ́ sáré, wọ́n á wá fi àkókò tirẹ̀ ṣírò òṣùwọ̀n. Ọkùnrin kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ́ ju òṣùwọ̀n náà lọ, obìnrin kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 24. Ní 2019, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sọ irú ìdánwò eré yìí, pẹ̀lú ìdánwò ààbò lórí òkè, di ti gbogbogbòò fún olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí orílẹ̀-èdè mìíràn lábẹ́ àjọ náà ka ìwé òun sí láìjanpata.

Èmi kò ní í fi ìdánwò náà ṣẹ̀sín o. Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn ní ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kò bà lẹ́rù mọ́ nìkan ni ojú rẹ̀ lè wà lára akẹ́kọ̀ọ́; ẹni tí ó ṣì ń ronú nípa ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kò lè ráyè ronú nípa ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Òótọ́ ni. Wọ́n tún ní bí ọmọ bá já lọ, olùkọ́ ni yóò sáré bá a. Òótọ́ náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti obìnrin kan, ẹni ogójì ọdún, tí ó ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, tí ọmọ tí ń sunkún ń dákẹ́ bí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, tí kò jẹ́ mú ọmọ kọjá ibi tí agbára ọmọ mọ. Ó fi ìṣẹ́jú àáyá kan péré pẹ́ ju òṣùwọ̀n lọ. Kò yege. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún, tí ó ti ń díje láti kékeré, gba àárín ọ̀pá kọjá bí ọfà. Ó yege. Mo mọ̀ pé eré nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń dán ènìyàn wò, àwọn ìdánwò mìíràn ṣì wà níwájú ọmọkùnrin náà. Síbẹ̀, èwo nínú àwọn méjèèjì ni ẹ ó fi ọmọ ọdún márùn-ún lé lọ́wọ́?

Mo bi àbúrò mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ìbéèrè yìí lórí fóònù, torí pé ó ti jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé lọ sí irú òkè bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ fún yín. Mi ò bèèrè nǹkan kan. Mo wo fọ́tò, mo rí aṣọ pupa tí gbogbo wọn wọ̀ bákan náà, mo ní, háà, àwọn èèyàn yìí mọṣẹ́."

Mo ní, "Aṣọ lo fi ọmọ lé lọ́wọ́?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Kí lẹ wá fẹ́ kí n ṣe, Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kí n lọ dán wọn wò ni? Èmi tí mi ò lè dúró lórí nǹkan ọ̀hún!"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ mí lọ́kàn. Òótọ́ ló sọ, kò lè dán wọn wò. Nítorí irú rẹ̀ ni ìwé-ẹ̀rí ṣe wà. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ ni a ń jẹ́rìí fún, òun kan náà ni kò sì lè mọ̀ bí ẹlẹ́rìí bá ń ṣì í lọ́nà.

Ṣé kí a wá pa ìwé tì ni? Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí òkè díẹ̀, kí n lọ sí etí òkun, torí ibẹ̀ ni mo ti rí àpẹẹrẹ tí ó korò jù nípa ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rí tí ó tó. Ní oṣù kẹta ọdún 1993, àwọn ọmọ ilé-ìwé mẹ́jọ àti olùkọ́ wọn wọ ọkọ̀ àfàjẹ̀wà kéékèèké lórí òkun Lyme Bay ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ̀ àwọn méjì tí ilé-iṣẹ́ tí ó gbà wọ́n lálejò fi ṣe amọ̀nà wọn kò tó fún ojú òkun gbalasa. Omi gbé wọn lọ. Mẹ́rin nínú àwọn ọmọ náà kú. Bẹ́ẹ̀, kí ó tó di ìgbà náà, àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ti kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí ọ̀gá ibẹ̀. Ní 1994, ilé-ẹjọ́ dá ilé-iṣẹ́ náà àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́bi ikú àwọn ọmọ náà, ọ̀gá sì rẹ̀wọ̀n he. Ní 1995, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tí ó mú ìwé àṣẹ di dandan fún àwọn tí ń gba owó kó ọmọdé lọ ṣe irú eré eléwu bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń ní ìwé-ẹ̀rí kò já mọ́ nǹkan kan, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mẹ́rin yẹn dá a lóhùn.

Ibi tí mo dúró sí rèé. Bí ìwé-ẹ̀rí bá jẹ́ ẹ̀rí, òfin ẹlẹ́rìí ni kí a fi mú un. Ẹlẹ́rìí tí a pè sí kóòtù láti wá sọ ohun tí ó rí lálẹ́ àná, tí ó wá ń ròyìn bí bàbá òun ti lówó tó, adájọ́ yóò ní kí ó lọ jókòó. Ìbéèrè tí òbí ń bèèrè kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé ẹni yìí yóò mú ọmọ mi padà wá?" Ìdánwò tí ó bá dáhùn ìyẹn tọ̀nà, bó ti wù kí ó le tó. Wíwá ẹni tí ó rì, ìtọ́jú ẹni tí ó farapa, wákàtí tí olùkọ́ àgbà fi wo ẹni náà níbi tí ó ti ń kọ́ ọmọdé, gbogbo wọn ló ń dáhùn ìbéèrè náà. Ìdánwò eré ń dáhùn rẹ̀ dáadáa bí ẹni náà yóò bá máa kọ́ àwọn asáré tàbí kó ènìyàn gba ibi tí ó le. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí yóò lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lójú ọ̀nà àwọ̀ ewé, ìbéèrè mìíràn ló ń dáhùn, ìyẹn ni, "Ṣé ẹni yìí yẹ láti wọ ẹgbẹ́ wa?" Ìbéèrè àwọn ẹlẹ́rìí nìyẹn, kì í ṣe ti àlejò. Nígbà tí ẹlẹ́rìí bá sì ń ṣọ́ ìsọ̀ ara rẹ̀ lọ́jà, ẹ̀rí rẹ̀ ti di ọgbà nìyẹn.

Ẹ wo èyí náà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2021, lẹ́yìn tí Bìrìtìkó ti jáde kúrò nínú Àjọ Yúróòpù, ẹ̀tọ́ tí olùkọ́ tuntun láti ibẹ̀ ní lábẹ́ òfin àjọ náà, pé kí a ka ìwé òun sí, dópin. Orúnkún ẹni tí ó gba ìwé lóṣù kejìlá kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó gbà á lóṣù kìn-ín-ní. Òkè kò yípadà, òjò-dídì kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti pààlà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún òbí pé nítorí ààbò ọmọ ni wọ́n ṣe pa á.

Ohun kan sì wà tí ìwé kankan kò lè jẹ́rìí sí. Ẹ ro olùkọ́ kan lọ́jọ́ karùn-ún ọ̀sẹ̀. Oòrùn là, òjò-dídì tuntun ti rọ̀ mọ́jú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sanwó, wọ́n sì ń nàka sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan lẹ́yìn àmì pé, "Ọ̀gá, ẹ mú wa lọ síbẹ̀!" Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìwọ̀n ewu tí wọ́n ń kọ láti 1 dé 5 ti wà ní 3. Ó mọ̀ pé òun lè kọjá. Ó tún mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, ojú wọn yóò kọ́rẹ́ lọ́wọ́, owó ìmọrírì tí wọ́n ìbá fún òun nírọ̀lẹ́ yóò sì fò lọ. Kò sí olùdánwò kankan níbẹ̀. Kí ó sọ pé "Rárá, a ó padà," ìwà ló fẹ́, ó ju ìmọ̀ lọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, gbogbo ènìyàn ló ń padà, torí ojú ń wò wọ́n.

Àjọ síkì àgbáyé ti ṣe òfin mẹ́wàá láti 1967 fún gbogbo ẹni tí ó bá gun síkì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni kí ó ṣọ́ra fún ẹni tí ó wà níwájú. Ìdí rẹ̀ yéni: ẹni ẹ̀yìn ló ń rí ẹni iwájú, ẹni iwájú kò rí i. Ẹni tí ó rí ni ó ni ẹrù. Mo gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ń sọ láti òwúrọ̀ wà nínú òfin kékeré yẹn. Olùkọ́ ń rí ohun tí ọmọ kò rí, òun ló ni ẹrù ọmọ. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ń rí ohun tí òbí kò rí, àwọn ló ni ẹrù òtítọ́ inú ìwé-ẹ̀rí. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Òbí náà kò sì gbọdọ̀ di ojú. Kò lè dán olùkọ́ wò lórí síkì, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu. Kí ó béèrè pé ìpele wo ni olùkọ́ dé. Kí ó béèrè pé ta ni ó wò ó rí níbi tí ó ti ń kọ́ ọmọdé. Lẹ́yìn náà, kí ó bi í pé ìgbà wo ni ó dá akẹ́kọ̀ọ́ padà gbẹ̀yìn, àti nítorí kí ni. Ẹni tí ó bá mọṣẹ́ yóò rántí ọjọ́ náà, yóò sì sọ bí inú ṣe bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí òun. Bí ó bá ní òun kò dá ẹnikẹ́ni padà rí láti ọjọ́ tí òun ti ń kọ́ni, ẹ bá mi fa ọmọ yín lọ́wọ́, kí ẹ máa lọ sílé.